Ọwọ́ Baba Ẹ̀sọ̀ Lórí Ọ̀pá Jíà

Gbogbo ọgbà mẹkáníìkì ló ń pè é ní Baba Ẹ̀sọ̀, kì í sì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní kékeré. Nígbà tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ilé iṣẹ́ kan tó ń ta pákó, ó kọ "Ẹ̀sọ̀" gàdàgbà síwájú orí ọkọ̀ náà, nítorí pé ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yẹ̀yẹ́ fi di orúkọ. Kò bínú sí i. Orúkọ tó bá ti bá ènìyàn wakọ̀ títí dé ìfẹ̀yìntì láìjá sí kòtò, ó ju orúkọ àbísọ lọ lójú tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà a máa fi eré sísá yangàn. Epo ni Baba Ẹ̀sọ̀ fi ń yangàn. Bí wọ́n bá bu epo fún gbogbo wọn lọ́gbọọgba láàárọ̀, tí wọ́n sì jọ rin ọ̀nà kan náà lọ rìn ín bọ̀, epo tirẹ̀ ni yóò ṣẹ́ kù. Ọgbọ́n tó ń dá kò ju ẹyọ kan lọ. Bó bá ti gun òkè dé téńté, tí imú ọkọ̀ ti dojú kọ ìsàlẹ̀, yóò fa ọ̀pá jíà, yóò fi sí fírì, kò ní sí jíà kankan tó di ẹ́ńjìnnì mú mọ́. Pákó ẹ̀yìn ọkọ̀ ni yóò máa ti ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀ wọ̀ọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò kàn máa mí. Ẹ má bá mi jà pé ó léwu. Ó léwu. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ni ọkọ̀ kò bá a jà. Ìyìn ló ń yìn ín ní ìparí ọdún, lójú gbogbo àwọn yòókù, àwọn yẹn á sì máa yọ ṣùtì lábẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí a bá mọ̀ ọ́n ṣe, bí idán ní í rí. Nígbà tó yá, kò tún ronú sí i mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọwọ́ náà ló sì ń ṣe é fúnra rẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun àti ìyàwó rẹ̀ da owó ìfẹ̀yìntì pọ̀ mọ́ èrè orí òwú, wọ́n fi ra ọkọ̀ kékeré kan. Ìyá Olówùú ni wọ́n ń pe ìyàwó náà, torí pé òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì ló ń tà fún àwọn aránṣọ. Àlòkù ni ọkọ̀ náà, àwọ̀ wàrà, irú èyí tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ láìsí kíláàṣì. Ẹni tó tà á fún wọn búra pé olùkọ́ kan tí kì í sáré ló ń lò ó tẹ́lẹ̀. Èmi kò tíì rí ẹni tó ń ta ọkọ̀ àlòkù tí kò mọ olùkọ́ kan tí kì í sáré. Ọkùnrin náà fi ọ̀pá jíà hàn wọ́n, ó ní ibí ni kí wọ́n fi sí tí wọ́n bá ń lọ síwájú, ibí ni ti ẹ̀yìn, fírì nìyí láàárín. Baba Ẹ̀sọ̀ bi í léèrè pé ọdún wo ni wọ́n bí i. Nígbà tó gbọ́ ọdún náà, ó ní kó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá.

Ìyá Olówùú kì í bẹ̀rù ejò, kì í sì í bẹ̀rù aránṣọ tó bá fẹ́ gba òwú láwìn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ kí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Bí ọkọ̀ bá ti dé orí òkè yìí tó fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀, obìnrin náà yóò mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kúrò lórí ọ̀pá jíà, yóò fà á wá sórí itan ara rẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kò sì ní jọ̀wọ́ rẹ̀ àfi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú. Baba Ẹ̀sọ̀ á máa ráhùn. Á ní ṣé ọwọ́ kan ni kí òun fi wakọ̀ ni.

"Ẹ fi ọ̀kan wà á," ni Ìyá Olówùú máa ń sọ, "kẹ́ ẹ fi ọ̀kan dì mí mú."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ náà kò sì béèrè ju táyà àti ọ́ìlì lọ. Lẹ́yìn náà ni àìsàn tí kò pẹ́ kan mú Ìyá Olówùú, ó sì kú.

Ilé tó ti jẹ́ ilé ènìyàn méjì, tó wá ku ẹnì kan, ó ní bó ṣe ń dákẹ́. Àpótí onígíláàsì tí òwú wà nínú rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n to òwú náà láti orí funfun dé orí dúdú bí Ìyá Olówùú ṣe fi í sílẹ̀. Baba Ẹ̀sọ̀ a máa nu eruku rẹ̀, kì í ṣí i. Bó bá dáná, oúnjẹ á ṣẹ́ kù, nítorí òṣùwọ̀n ẹni méjì lọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Á tan rédíò, kì í ṣe pé ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó kàn fẹ́ kí ohùn mìíràn wà nínú ilé ni. Bó bá ti ìta dé, á ní, "Ẹ kú ilé o," á wá dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àfi bí ẹni pé ìdáhùn kàn pẹ́ ni. Ó dá wà, ó mọ̀ pé òun dá wà, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún.

Ọmọ rẹ̀ ń pè é lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ dáadáa ni. Á bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá ó ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Baba Ẹ̀sọ̀ á ní òun ti jẹun, òun ti lò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu àwọn méjèèjì, àwọn ọmọ á máa ké lẹ́yìn níbi tí obìnrin náà wà, á sì ní kí Bàbá òun jẹ́ kí òun lọ wò wọ́n. Ó ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Baba Ẹ̀sọ̀ ti lọ gbé ibẹ̀ wò. Gbogbo ará ilé náà ń jáde láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dé, òun nìkan á sì jókòó lórí àga tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ronú pé tí òun bá fẹ́ dá jókòó, ó sàn kó jẹ́ lórí àga òun.

Nítorí náà, ó máa ń wakọ̀. Láràárọ̀ ni yóò wa ọkọ̀ àwọ̀ wàrà yẹn jáde, yóò gun òkè ẹ̀yìn ìlú, yóò sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, yóò yí padà, yóò máa bọ̀. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn kiri láìní ibi tó ń lọ, wọ́n á ní orí rẹ̀ ti yí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀, gbogbo ayé ló gbà pé ó níbi tó ń lọ.

Kò tíì pé ọdún kan tí Ìyá Olówùú kú tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwàkiwà. Ó kọ́kọ́ ń ta gìrì tó bá fẹ́ pààrọ̀ jíà. Nígbà tó ṣe, á fi sí jíà, á tẹ iná, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ á dúró síbi tó wà bí ọ̀lẹ tí wọ́n rán níṣẹ́. Wọ́n júwe ọkùnrin kan fún un nínú ọgbà mẹkáníìkì, Ọ̀gá Jíà, tí kì í fọwọ́ kan nǹkan mìíràn lára ọkọ̀ àfi jíà. Ojúgbà ọmọ rẹ̀ ni Ọ̀gá Jíà, ọ́ìlì bò ó lọ́wọ́ dé ìgúnpá, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì jíà yọ, ó fi ìka kan kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì náà ti jóná. Ó béèrè ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà.

Baba Ẹ̀sọ̀ ní òun ni, òun tí òun ti ń wakọ̀ kó tó di pé wọ́n bí i, kí ló fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀? Ọ̀gá Jíà tọrọ àforíjì. Ó ní ó ní láti jẹ́ ẹni tó lò ó ṣáájú ló fìyà jẹ ẹ́. Baba Ẹ̀sọ̀ ní olùkọ́ kan ni. Báyìí ni gbogbo ẹ̀bi ṣe di ti olùkọ́ tí kì í sáré.

Iṣẹ́ náà wọ́n. Owó tí Baba Ẹ̀sọ̀ fẹ́ fi tún òrùlé ṣe ló bá a lọ. Wọ́n sọ jíà kalẹ̀, wọ́n tú u palẹ̀ lórí tábìlì, àwọn pẹlẹbẹ onírin tó máa ń gbá ọkọ̀ mú kó lè rìn ti dúdú, etí wọn ti jẹ. Nítorí pé ọkọ̀ wà nílẹ̀, Baba Ẹ̀sọ̀ ń lọ wò ó lójoojúmọ́. Ìjókòó kan wà lábẹ́ igi nínú ọgbà náà, ìjókòó ẹ̀yìn tí wọ́n tú lára bọ́ọ̀sì tó ti kú, tí ìrọ̀rí rẹ̀ ti ya. Ibẹ̀ ni rìwáyà tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe máa ń jókòó tí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́, àti wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀. Wọ́n sún fún un. Wọ́n ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, lórí ẹni tó yẹ kó san owó omi, lórí ọkọ̀ tó dáa jù láyé. Wọ́n bi Baba Ẹ̀sọ̀ léèrè, ó sì dá wọn lóhùn, ó sọ ìtàn ọ̀gá ọlọ́kọ̀ kan tó jí epo ara rẹ̀ tà, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ṣe é ní kàyéfì, ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Nígbà tí Ọ̀gá Jíà ní iṣẹ́ ti parí, ẹnu nìkan ni Baba Ẹ̀sọ̀ fi dúpẹ́.

Ọkọ̀ náà kò pẹ́ kó tó padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, fíríìjì ńlá ilé ni ó tà láti fi san án, ó ní kí ni ẹnì kan fẹ́ fi sínú fíríìjì tó tóbi tó yẹn. Ó tún jókòó lábẹ́ igi. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ó tún bàjẹ́, èyí sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Wọ́n fi okùn wọ́ ọ wọ ọgbà. Ọ̀gá Jíà tú u, ó wò ó, ó họ orí. Ó sọ òótọ́ fún Baba Ẹ̀sọ̀ pé kò sí ohun tó kù láti tún ṣe nínú jíà náà, odindi mìíràn ni wọ́n máa rà, owó rẹ̀ sì fẹ́ẹ̀ tó ìdajì owó ọkọ̀. Tó bá jẹ́ tòun ni, òun á tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ palẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọmọ, nítorí Baba Ẹ̀sọ̀ kò mọ irọ́ pa lórí fóònù. Obìnrin náà kò pariwo. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ yìí á gbé Bàbá òun jù sójú ọ̀nà níbi tí kò ti sí ẹnì kankan. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó ti ń gbèrò.

"Bàbá mi, mo máa san ti èyí. Ṣùgbọ́n òun ni ìkẹyìn. Tí nǹkan kan bá tún ṣe é, bó ti wù kó kéré mọ, mo máa wá tà á, ẹ má sì bínú sí mi."

Ó gba nọ́ńbà Ọ̀gá Jíà, ó sì pè é. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣèlérí fún òun: tí ọkọ̀ náà bá tún yọjú sí ọgbà pẹ̀lú àlébù kankan, òun ni kó kọ́kọ́ sọ fún. Ọ̀gá Jíà ṣèlérí.

Nígbà tí wọ́n fi jíà tuntun sí i tán, Ọ̀gá Jíà kò kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kíákíá bó ṣe máa ń ṣe. Jíà mẹ́ta nínú ọkọ̀ kan ti ń dun òun náà. Ó ní òun fẹ́ kí Baba wà á, kí òun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, káwọn lọ sí orí òkè. Wọ́n lọ. Ọkọ̀ náà ń rìn bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Wọ́n gun òkè dé téńté, imú ọkọ̀ dojú kọ ìsàlẹ̀.

"Baba," ni Ọ̀gá Jíà wí, "kí lẹ ṣe yẹn?"

Baba Ẹ̀sọ̀ ní kí ni òun ṣe. Kò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá Jíà tọ́ka sí ọ̀pá jíà. Ó wà ní fírì, ọwọ́ Baba Ẹ̀sọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ọkọ̀ akẹ́rù lẹ lè ṣe báyẹn sí. Èyí kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. Tó bá wà ní fírì níbi tó ti ń sáré yìí, ọ́ìlì ò ní lọ káàkiri inú ẹ̀ bó ṣe yẹ. Tẹ́ ẹ bá wá dá a padà nísàlẹ̀, gbogbo nǹkan inú ẹ̀ á gbá mú lẹ́ẹ̀kan, á máa jó ara ẹ̀. Kì í ṣe olùkọ́ kankan, Baba. Ẹ̀yin lẹ̀ ń pa á."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà tí kò gbá ènìyàn rí láyé? Inú bí Baba Ẹ̀sọ̀. Ó ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ó ní ọkọ̀ yìí kan náà ni òun ti ń wà lórí òkè yìí kan náà láti ọdún gbọ́nhan, ọwọ́ yìí kan náà lòun fi ń wà á, kò sì ṣe nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ọwọ́ òun ló ń pa á, kí ló dé tí kò ti kú tipẹ́?

Ọ̀gá Jíà ní ìbéèrè tó dáa ni. Ó bi í pé ìgbà wo gan-an ló bẹ̀rẹ̀.

Baba Ẹ̀sọ̀ wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ọ̀pá jíà. Ó wo itan Ọ̀gá Jíà lórí ìjókòó kejì, ṣòkòtò iṣẹ́ tí ọ́ìlì ti bà jẹ́. Ó rọra darí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó tẹ bíréèkì, ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò ráyè dé fírì lórí òkè yìí rí. Ó rò pé Ìyá Olówùú ń dí òun lọ́wọ́ ni. Ó ti ráhùn sí i títí tó fi kú.

"Ìyàwó mi ló máa ń di ọwọ́ yìí mú," ló wí. Omi sì bọ́ lójú rẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, lẹ́bàá ọ̀nà, lójú ẹni tó ń tún jíà ṣe.

Ọ̀gá Jíà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Baba," ó sì yí ojú sí ìta fèrèsé, ó ń wo koríko títí tí Baba Ẹ̀sọ̀ fi ṣáná sọ́kọ̀ padà.

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti gbádùn. Bó bá dé orí òkè, tí ọwọ́ rẹ̀ bá fẹ́ ṣe tinú rẹ̀, Baba Ẹ̀sọ̀ á gbé ọwọ́ náà lé ìjókòó tó ṣófo, á tẹ́ ẹ síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi tẹ́jú. Ọkọ̀ kò ta gìrì, kò ké, kò dúró. Ọmọ rẹ̀ béèrè lórí fóònù, ó ní ó dáa. Ọmọ náà ní a dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá gbádùn, kí ló ń wá lọ́dọ̀ mẹkáníìkì? Ní ọ̀sẹ̀ kan, ó yà sí ọgbà láti kí wọn. Rìwáyà dìde lórí ìjókòó, ó ní kí ló ṣe ọkọ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan. Wẹ́dà ní a dúpẹ́. Ọ̀gá Jíà wà lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn, ó kí i láti ibẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọn kò kàn mọ ohun tí wọ́n máa fi ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le ṣe. Ojú sì ti Baba Ẹ̀sọ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n máa wí pé àgbà yìí kò níṣẹ́ méjì, ó wá ń jókòó ti iṣẹ́ olóníṣẹ́. Ó ní òun ń kánjú, ó sì lọ sílé lọ jókòó.

Nígbà kan lórí òkè, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ìjókòó tó ṣófo, ó gbé e lé ọ̀pá jíà, ó sì mọ ohun tí òun ń ṣe. Tó bá fà á sí fírì, tó sì ń fà á bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi tún fi okùn wọ́ ọ wọ ọgbà. Wọ́n á sún fún un lábẹ́ igi. Ọmọ rẹ̀ á wá tà á lẹ́yìn ìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó tà á, á ti jókòó. Ìka rẹ̀ wà lórí ọ̀pá náà títí tó fi rí ìsàlẹ̀ òkè. Kò fà á. Kò lè gba ẹ̀yìn Ìyá Olówùú ṣe é.

Òjò dé. Ó rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan tí kò fi sí ẹni tó jáde sójú títì. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ pè ní ọjọ́ Ìsinmi, ohùn Baba Ẹ̀sọ̀ kọ̀ kò jáde lákọ̀ọ́kọ́, ó ní láti wúkọ́ kí ó tó lè sọ pé òun ti jẹun. Ó mọ ohun tó fà á. Láti ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, kò tíì bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, òjò dá, ó sì wa ọkọ̀ wọ ọgbà mẹkáníìkì. Ọ̀gá Jíà jáde sí i, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Baba Ẹ̀sọ̀ kò jáde nínú ọkọ̀. Ó mọ àdéhùn tó wà láàárín ọkùnrin yìí àti ọmọ òun, ọmọ náà ti sọ ọ́ fún un. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ yìí lè mú kí ọkọ̀ náà lọ pátápátá, kí òun má sì rí èyí tí òun yóò máa gbé jáde láàárọ̀. Ó ti ronú sí i láti ilé.

"Ó ń dún," ló wí.

Ọ̀gá Jíà bi í pé irú ìró wo. Ó ní ìró kan ṣá ni. Ọ̀gá Jíà bi í pé níbo ló ti ń dún. Ó ní nínú. Mẹkáníìkì náà wò ó, ó ju àkísà sílẹ̀, ó wọlé sórí ìjókòó kejì, ó ní káwọn máa lọ.

Wọ́n lọ sí orí òkè. Ọ̀gá Jíà tẹ̀ síwájú, ó ń fetí sílẹ̀, ó ń fetí sílẹ̀ lóòótọ́, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ pààrọ̀ jíà lọ sókè láìta gìrì. Wọ́n dé téńté, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ Baba Ẹ̀sọ̀ dìde, kò rí ìjókòó tó ṣófo tó máa bà lé, nítorí ènìyàn ti jókòó síbẹ̀. Ó dúró lófuurufú díẹ̀, ó wá balẹ̀ sórí orúnkún ara rẹ̀, ó di ibẹ̀ mú. Ọ̀gá Jíà rí i. Yàtọ̀ sí táyà lórí omi òjò, kò sí ohun tó dún títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá Jíà ní kó dúró, kó pa iná ọkọ̀. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó sì tẹ nọ́ńbà kan. Baba Ẹ̀sọ̀ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ fínfín nínú fóònù náà. Ó gbá sítíárì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Ọ̀gá Jíà wí. "Èmi ni, mẹkáníìkì Bàbá yín. Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọkọ̀ wọn tán ni, ó dáa, kò sí nǹkan kan tó ṣe é." Ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, ó mi orí. "Ohun tí mo kàn fẹ́ ni pé kí wọ́n máa gbé e wá ní gbogbo Mọ́ńdè, kí n máa gbọ́ ọ. Rárá, kò ní ná yín ní nǹkan kan. Bó ṣe máa pẹ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn."

Ó kí obìnrin náà pé ó dàbọ̀, ó fi fóònù sápò. Baba Ẹ̀sọ̀ jọ̀wọ́ sítíárì.

"O gbọ́ ọ, àbí?" ló bi í.

"Mo gbọ́ ọ, Baba. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ."

Wọ́n yí padà. Nígbà tí wọ́n dé ọgbà, rìwáyà gbójú sókè lórí ìjókòó abẹ́ igi, ó ní kí ló ṣe ọkọ̀. Ọ̀gá Jíà ní ó ń dún, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tó fi sílẹ̀ lọ. Rìwáyà sún fún Baba Ẹ̀sọ̀.